GBÈSÈ TÀBÍ ÌPÍN: BÍ ÀWỌN KỌ́ŃPÌNNÌ ŃLÁ ṢE Ń WÁ OWÓ IṢẸ́ WỌN

Ọ̀rọ̀ fún kíkà sókè ní àwọn Ilé Ìkàwé abúlé



Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rin ọ̀nà tí ó lọ láti Ìbàdàn sí Ifẹ̀ yóò ti rí ilé-iṣẹ́ ìpọntí ńlá tí ó wà ní ojú ọ̀nà náà. Kọ́ńpìnnì Nigerian Breweries ni ó ni ín, ọdún 1982 ni iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Kọ́ńpìnnì yìí kì í ṣe ọmọdé. Ọdún 1946 ni a dá a sílẹ̀, oṣù kẹfà ọdún 1949 sì ni ìgò bíà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Èkó. Ní ọdún 2023, ó ta ọjà tí iye rẹ̀ súnmọ́ 600 bílíọ̀nù náírà. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn olùṣírò owó parí iṣẹ́ wọn fún ọdún náà, wọn kò rí èrè kankan. Àdánù tí ó lé ní 106 bílíọ̀nù náírà ni wọ́n rí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, kọ́ńpìnnì náà ké sí gbogbo àwọn tí ó ní ìpín nínú rẹ̀ pé kí wọ́n tún mú owó wá, owó tí àpapọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 600 bílíọ̀nù náírà.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè dé ọwọ́ tíṣà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ní Lálúpọn. Ó sì lè jẹ́ pé ọmọ kan ní Mọníyà ni yóò bá ìwé ìpín bàbá rẹ̀ tí ó ti di olóògbé nínú àpótí. Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò bèèrè ni pé: ‘Báwo ni ẹni tí ń ta ọjà tó báyìí ṣe ń pàdánù? Èé ṣe tí kò lọ yá owó ní báńkì, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa ni ó wá? Ṣé kí n san owó yìí ni, tàbí kí n jẹ́ kí ó kọjá?’ Kò sí ẹni tí ó lè dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí dáadáa bí kò bá mọ bí àwọn kọ́ńpìnnì ṣe ń wọn gbèsè àti ìpín lórí òṣùwọ̀n kan náà.

Ọ̀NÀ MÉJÌ TÍ OWÓ Ń GBÀ WỌLÉ

Yàtọ̀ sí èrè tí kọ́ńpìnnì bá fi pamọ́, ọ̀nà méjì ni ó ní láti rí owó ńlá fi ṣiṣẹ́. Èkíní ni gbèsè: ó lè yá owó lọ́wọ́ báńkì, ó sì lè ta ìwé gbèsè fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ yá a lówó. Ẹni tí ó yá a lówó kò di olóko. Èlé rẹ̀ ni ó ń gbà ní ọjọ́ tí a dá, bí òjò rọ̀, bí òjò kò rọ̀. Bí àsìkò bá sì pé, orí owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sọ́wọ́ rẹ̀.

Èkejì ni ìpín, èyí tí àwọn oníṣòwò ń pè ní ṣíà. Ẹni tí ó bá ra ìpín ti di ọ̀kan nínú àwọn tí ó ni ilé-iṣẹ́ náà. Bí èrè bá wà, tí àwọn olùdarí sì pinnu láti pín in, yóò gba tirẹ̀. Bí kò bá sí èrè, kò lè pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá sì fọ́, àwọn olówó èlé ni a ó kọ́kọ́ san owó fún. Ohun tí ó bá kù nínú àwo ni ti onípìn-ín. Ṣùgbọ́n òfin dáàbò bo onípìn-ín ní ọ̀nà kan: kì í pàdánù ju owó tí ó fi ra ìpín rẹ̀ lọ. Kò sí olówó kan tí ó lè tẹ̀ lé e wá sí ilé rẹ̀ láti gba oko tàbí ilé nítorí gbèsè kọ́ńpìnnì.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì ní ilẹ̀ wa. Ní ayé àwọn baba wa, ẹni tí owó bá ká mọ́ a máa lọ yá owó, a sì fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ní oko olówó ni èlé. Bí ó ti wù kí ó ṣiṣẹ́ pẹ́ tó, orí owó kò dín. Nígbà tí kòkó dé, oko kòkó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi dógò. Ní ìdà kejì, ní ọdún 1937, àwọn àgbẹ̀ oníkòkó ní Gbẹ́dun lẹ́bàá Ìbàdàn forúkọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìjọba, òun ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tí a forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Nàìjíríà. Owó tí àwọn fúnra wọn dá jọ, tí olúkúlùkù sì ní ìpín nínú rẹ̀, ni agbára wọn. Ìwọ̀fà ni àpẹẹrẹ gbèsè. Ẹgbẹ́ Gbẹ́dun ni àpẹẹrẹ ìpín.

ÀGBẸ̀ MÉJÌ ÀTI Ẹ̀RỌ Ẹ̀GẸ́

Ẹ jẹ́ kí a fi àgbẹ̀ méjì ṣe àpèjúwe. Olúkúlùkù wọn fẹ́ ra ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́, tí owó rẹ̀ jẹ́ 1,000,000 náírà. Olúkúlùkù sì ní 500,000 náírà lọ́wọ́. Àgbẹ̀ kìíní yá 500,000 tí ó kù, ní èlé náírà 25 lórí 100 lọ́dún, èyíinì ni 125,000 náírà lọ́dọọdún. Àgbẹ̀ kejì mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá, ọ̀rẹ́ náà mú 500,000 wá, wọ́n sì jọ ni ẹ̀rọ náà ní ìdajì-ìdajì.

Bí ọdún bá dára, tí ẹ̀rọ mú 400,000 náírà wọlé lẹ́yìn ìnáwó epo àti àtúnṣe, àgbẹ̀ kìíní yóò san 125,000, yóò sì jẹ 275,000. Àgbẹ̀ kejì àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò jẹ 200,000 olúkúlùkù. Gbogbo ènìyàn yóò sọ pé àgbẹ̀ kìíní ni ó gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí ọdún bá burú, tí ẹ̀rọ mú 60,000 péré wọlé, àgbẹ̀ kejì àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò gba 30,000 olúkúlùkù, wọn yóò sì máa retí ọdún tí ń bọ̀. Àgbẹ̀ kìíní ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ wá 65,000 náírà láti ibòmíràn kún 60,000 náà kí ó tó lè san èlé nìkan, orí owó ṣì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Bí kò bá rí i, ẹ̀rọ náà yóò lọ.

Nítorí náà, gbèsè a máa sọ ọdún dídára di ọdún dídára jù, a sì máa sọ ọdún búburú di búburú jù. Gbogbo ohun tí àwọn olùdarí kọ́ńpìnnì ń wọ̀n wò kò kọjá èyí.

ÈÉ ṢE TÍ WỌ́N FI Ń YÁ OWÓ?

Ní ọdún 1958, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì ní Amẹ́ríkà, Franco Modigliani àti Merton Miller, kọ ìwé kan tí ó di ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí. Wọ́n ní bí kò bá sí owó orí, bí kò bá sí ẹni tí gbèsè lè pa, bí gbogbo ènìyàn bá sì mọ ohun kan náà nípa iṣẹ́ náà, kò sí ìyàtọ̀ nínú pé kọ́ńpìnnì yá owó tàbí pé ó ta ìpín. Bí a bá gé iṣu kan sí méjì tàbí sí mẹ́wàá, iṣu kan náà ni. Gígé kò mú un tóbi sí i. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1963, wọ́n tún padà wá sọ pé owó orí mú ìyàtọ̀ wá. Òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, àti ti Nàìjíríà pẹ̀lú, gba kọ́ńpìnnì láyè láti kọ́kọ́ yọ èlé gbèsè kúrò nínú èrè rẹ̀ kí a tó bu owó orí. Kò gbà á láyè láti yọ èrè tí ó ń pín fún àwọn onípìn-ín. Ní àwọn ọdún tí ọ̀rọ̀ wa dá lé yìí, náírà 30 lórí 100 ni kọ́ńpìnnì ńlá ń san. Nítorí náà, kọ́ńpìnnì tí ó ń jèrè, tí ó sì san 100 náírà èlé, ti dín owó orí rẹ̀ kù ní náírà 30.

Ìdí kejì ni pé gbèsè kò gba ilé lọ́wọ́ onílé. Ẹni tí ó ta ìpín fún àlejò ti fún un ní ohùn nínú ìpàdé. Ìdí kẹta ni ìfura. Ẹni tí ó ń ta ìpín nínú oko kòkó tí ó ń so dáadáa, àwọn ará àdúgbò a máa bi ara wọn léèrè ohun tí ó rí tí àwọn kò rí. Ní ọdún 1984, ọ̀mọ̀wé Stewart Myers ṣàlàyé pé ìfura yìí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ kọ́ńpìnnì kọ́kọ́ ná èrè tí wọ́n fi pamọ́, lẹ́yìn náà kí wọ́n yá owó, kí wọ́n sì fi títa ìpín ṣe ìgbẹ̀yìn.

OHUN TÍ Ń PINNU ÒṢÙWỌ̀N

Bí gbèsè bá dùn tó báyìí, èé ṣe tí kò fi jẹ́ gbèsè nìkan ni wọ́n ń lò? Ohun mẹ́fà ni ó yẹ kí olúkúlùkù fi sọ́kàn.

Èkíní ni ohun ìdógò. Kọ́ńpìnnì tí ó ní ilẹ̀, ilé àti ẹ̀rọ ńláńlá lè fi wọ́n dúró. Èyí tí ọgbọ́n orí àwọn òṣìṣẹ́ nìkan jẹ́ ọrọ̀ rẹ̀ kò rí ohun tí yóò fà lé báńkì lọ́wọ́.

Èkejì ni bí owó ṣe ń wọlé déédéé. Bí owó bá wọ́n, ènìyàn lè fi bíà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè fi iyọ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ọjà rẹ̀ ń lọ sókè sódò kò gbọ́dọ̀ dá ọjọ́ èlé púpọ̀.

Ẹ̀kẹta ni iye tí èlé jẹ́ ní ọjà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, kọ́ńpìnnì Dangote Cement ta ìwé gbèsè 100 bílíọ̀nù náírà, ọlọ́dún márùn-ún, ní èlé 12.5 lórí 100. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, òṣùwọ̀n èlé tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fi ń darí gbogbo báńkì jẹ́ 11.5 lórí 100. Nígbà tí yóò fi di oṣù kọkànlá ọdún 2024, ó ti di 27.5, nítorí Báńkì Àpapọ̀ ń bá ọ̀wọ́n gógó jà. Ẹni tí ó ti dá èlé rẹ̀ mọ́ ibi kan kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ kò tutù bí ẹni tí ó ń yá owó tuntun lójoojúmọ́.

Ẹ̀kẹrin ni irú owó tí a yá. Ẹni tí ó ń ta ọjà ní náírà, tí ó sì jẹ gbèsè dọ́là, ń fi agbọ̀n san ohun tí ó fi ṣíbí yá. Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó pé ìdajì, dọ́là kan kò tó 500 náírà lọ́dọ̀ Ìjọba. Ní oṣù yẹn ni a tú iye náírà sílẹ̀ fún ọjà láti pinnu, nígbà tí yóò sì fi di oṣù kejì ọdún 2024, dọ́là kan ti kọjá 1,500 náírà. Ẹni tí ó jẹ 1,000 dọ́là, tí gbèsè rẹ̀ kò tó 500,000 náírà, jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó bá 1,500,000 lọ́rùn ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò yá kọ́bọ̀ kan kún un.

Ẹ̀karùn-ún ni àwọn tí ó ni kọ́ńpìnnì náà. Bí baba olówó kan bá wà tí ó ní ìpín tí ó pọ̀ jù, tí ó sì ṣetán láti tún mú owó wá, títa ìpín kò nira. Ní ọdún 2024, Cadbury Nigeria sọ gbèsè tí ó lé ní 7 mílíọ̀nù dọ́là, tí ó jẹ ilé-iṣẹ́ tí ó bí i ní òkè òkun, di ìpín. Gbèsè lọ, ìpín baba pọ̀ sí i.

Ẹ̀kẹfà ni òfin. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé báńkì tí ó ń ṣiṣẹ́ dé òkè òkun gbọ́dọ̀ ní owó onípìn-ín tí ó tó 500 bílíọ̀nù náírà, èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ káàkiri Nàìjíríà 200 bílíọ̀nù, ó sì dá ọjọ́ ìparí oṣù kẹta ọdún 2026 fún wọn. Gbèsè kò lè dípò owó yìí, nítorí owó olówó ni báńkì ń lò lójoojúmọ́. Ó yẹ kí ti ara rẹ̀ pọ̀ tó láti gba àdánù sára kí ó tó kan àwọn tí ó fi owó pamọ́.

Ọ̀nà kẹta sì tún wà fún ẹni tí gbèsè bá wọ̀ lọ́rùn: ó lè ta díẹ̀ nínú ohun tí ó ní. Lafarge Africa, tí ó jogún ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ewékorò, wá owó lọ́dọ̀ àwọn onípìn-ín rẹ̀, ní ọdún 2019 ó sì tún ta iṣẹ́ tí ó ní ní South Africa kí ẹrù gbèsè lè fúyẹ́.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ SÍ ILÉ ÌPỌNTÍ

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ojú ọ̀nà Ifẹ̀. Ní ọdún 2022, Nigerian Breweries jèrè tí ó lé ní 13 bílíọ̀nù náírà. Ó ní gbèsè ní báńkì, ó sì ń jẹ àwọn tí ó ń kó ẹrù ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun ní owó ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tí náírà ṣubú ní ọdún 2023, àdánù tí ó ti ọ̀dọ̀ pípààrọ̀ owó wá nìkan lé ní 150 bílíọ̀nù náírà. Èlé náà sì ń gòkè. Àwọn òṣìṣẹ́ kò dẹ́kun iṣẹ́, ọkọ̀ kò dẹ́kun àti máa kó ọjà jáde. Gbèsè ni ó ń jẹ ohun tí iṣẹ́ ń mú wá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, kọ́ńpìnnì náà kéde pé òun yóò dá iṣẹ́ dúró fún ìgbà díẹ̀ ní méjì nínú ilé ìpọntí mẹ́sàn-án tí òun ní. Gbogbo ìlú tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí fún awakọ̀, fún olóúnjẹ àti fún onílé tí ń gba owó yàrá.

Láti tún yá owó ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀ dà bí kí a máa fi epo pa iná. Nítorí náà ni wọ́n ṣe yí sọ́dọ̀ àwọn onípìn-ín. Fún ìpín márùn-ún tí ẹnikẹ́ni bá ní, wọ́n fún un ní àǹfààní láti ra mọ́kànlá sí i, ní 26.50 náírà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Heineken ti ilẹ̀ Netherlands, tí ìpín rẹ̀ ti ju ìdajì lọ tẹ́lẹ̀, wà nínú àwọn tí ó mú owó wá. Gbèsè ni a fi owó náà san. Ọdún 2024 ṣì parí pẹ̀lú àdánù, nítorí gbèsè ti jẹ púpọ̀ nínú ọdún náà kí owó tó dé. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2025, kọ́ńpìnnì náà padà sí èrè.

ÌDÁHÙN FÚN ONÍPÌN-ÍN KÉKERÉ

Kí ni kí tíṣà wa ní Lálúpọn ṣe? Bí ó bá ní 500 ìpín, àǹfààní 1,100 ni ó kàn án, owó rẹ̀ sì jẹ́ 29,150 náírà. Bí ó bá san án, ààyè rẹ̀ kò yí padà. Bí kò bá san án, ìpín 500 rẹ̀ kò sọ nù, ṣùgbọ́n níbi tí ìpín márùn-ún ti wà tẹ́lẹ̀, mẹ́rìndínlógún ni yóò wà bí gbogbo ènìyàn yòókù bá san tiwọn. Ohun tí yóò máa kàn án nínú gbogbo èrè ọjọ́ iwájú kò ní tó ìdá mẹ́ta ohun tí ó ń kàn án rí. Ọ̀nà kẹta ni pé kí ó ta àǹfààní náà fún ẹlòmíràn kí àsìkò tó kọjá, kí ó sì gba owó díẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni kí ó ju ìwé náà sínú àpótí láì kà á.

Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó yá owó èlé láti fi ra ìpín, nítorí ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti sọ ara rẹ̀ di àgbẹ̀ kìíní. Kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó fi owó ilé-ìwé ọmọ tàbí owó èso oko ra á, nítorí ìpín lè lọ sílẹ̀, èrè sì lè má wá fún ọdún púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní owó tí kò kánjú, kí ó bèèrè ohun mẹ́rin nípa kọ́ńpìnnì kí ó tó ra ìpín rẹ̀. Gbèsè rẹ̀ ti pọ̀ tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó àwọn onípìn-ín? Ṣé náírà ni gbèsè náà, tàbí owó òkèèrè? Ṣé èrè iṣẹ́ rẹ̀ tó san èlé ní ìlọ́po mélòó kan, tàbí ẹnu kò kan ẹnu? Bí ó bá sì ń wá owó tuntun, ṣé ẹ̀rọ tuntun ni yóò fi rà, tàbí gbèsè àtijọ́ ni yóò fi san? Ìdáhùn wọ̀nyí wà nínú ìwé ìṣirò ọdọọdún tí òfin fi dandan lé e pé kí kọ́ńpìnnì tí ìpín rẹ̀ wà ní ọjà fi síta. Bí ẹnìkan kò bá lè kà á, kí ó bẹ ọmọ tí ó ti lọ sí ilé-ìwé gíga kí ó kà á fún un.

Ohun tí ó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ni ó kọ sí ẹlòmíràn. Gbèsè dára fún ẹni tí ọjà rẹ̀ dúró ṣinṣin, tí èlé rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Ìpín dára fún ẹni tí ojú ọjọ́ rẹ̀ kò dájú. Bákan náà ni ó rí fún kọ́ńpìnnì tí ń ta ọjà 600 bílíọ̀nù náírà, bákan náà sì ni fún ẹni tí ó fẹ́ ra ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ kan ní Àkànrán. Kí olúkúlùkù tó tẹ̀ka sí ìwé gbèsè, kí ó kọ́kọ́ ṣírò ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọdún bá burú.